Òkìtì Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Ogójì ọdún ni mo fi kan òrùlé. Láti Ìkọ̀tún dé Ìgàndò, kò sí àdúgbò tí n kò ti gun òrùlé rí. Nígbà tí orúnkún mi kọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹyẹlé mi ló kù lókè.

Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ilé wọn wà lórí ilé ìdáná wa ní Ìkọ̀tún. Pákó ni mo fi kàn án, mo sì fi páànù bò ó. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, mo máa ń wò wọ́n. N kì í sọ ẹyẹ lórúkọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, abo eléérú ni mò ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Abo eléérú máa ń tàkìtì. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò fò lọ sókè títí yóò fi kéré bí èékánná. Yóò dá apá dúró, yóò sì yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà yóò na apá, yóò balẹ̀ sórí páànù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Èmi náà kì í pàtẹ́wọ́. Mo máa ń wò ó ni.

Nùsírátù ìyàwó mi kò fẹ́ràn ìkankan nínú wọn. Ó ní wọ́n ń yàgbẹ́ sórí aṣọ tí òun sá. Òótọ́ ni. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti ń sìn wọ́n, òun kò tíì jẹ itan ẹyọ kan nínú wọn. Ìyẹn náà, òótọ́ ni.

Jàfárù ni ọ̀rẹ́ mi. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì. Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé. Ọdún kan náà ni àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ẹyẹlé, láti ara akọ kan àti abo kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Babárìndé, gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjì yẹn ń tàkìtì. Gbogbo ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, àtọmọdọ́mọ wọn ni.

Ọ̀nà wa yà nígbà tí ọmọ Jàfárù ra fóònù ńlá fún un. Ó rí i nínú fóònù náà pé ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, wọ́n máa ń kó ẹyẹlé atàkìtì jọ, wọ́n á ka òkìtì wọn, wọ́n á sì fún èyí tó bá ta jù ní ife-ẹ̀yẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣa ẹyẹ. Èyí tí kò bá ju òkìtì mẹ́ta lọ, ó di ọbẹ̀. Èyí tó bá ta márùn-ún, ó fi í fún èyí tó ta mẹ́fà. Ó fi ọmọ fún bàbá. Ó fi ọmọ fún ìyá. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é.

Lọ́dún kẹjọ, ẹyin kan pa, akọ funfun kan jáde. Akọ yìí kò lè fò. Bí ó bá ti na apá láti gbéra, ìdí rẹ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá. Orí ilẹ̀ ló ti ń tàkìtì. Yóò máa yí lọ bíi táyà tó já kúrò lára ọkọ̀, kò sì ní dúró àfi bí nǹkan bá dá a dúró. Jàfárù sọ ọ́ ní Kòlẹ́gbẹ́.

Ó gbé e wá hàn mí. Ó gbé e sílẹ̀ nínú àgbàlá wa, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyẹ náà yí láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga. Kànga ló dá a dúró. Nùsírátù yọjú láti ilé ìdáná, ó wo ẹyẹ, ó wo àwa méjèèjì, ó padà wọlé.

Jàfárù ní, "Kí lo rí sí i?"

"Ijó ni ti abo eléérú," mo dáhùn. "Ti èyí, wárápá ni."

Ó gbé ẹyẹ rẹ̀ nílẹ̀, ó fi ìka nu iyanrìn kúrò lórí rẹ̀.

"Sàkàrìyáù, ẹnu ẹ le bí ìṣó."

"Èmi kọ́ ni mo kàn án mọ́lẹ̀ ṣá."

A jiyàn títí ilẹ̀ fi gbóná. Ó ní Ọlọ́run ló fi òkìtì sínú ẹ̀jẹ̀ wọn, òun kàn fi kún un ni. Ó ní ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣa àgbò tí ìwo rẹ̀ tóbi. Mo ní àgbò tí ìwo rẹ̀ tóbi ṣì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn wálé. Mo ní ẹyẹ tí kò lè padà sórí òrùlé rẹ̀, ohun tí wọ́n bá pè é ni kó máa jẹ́, kí wọ́n má ṣá pè é ní ẹyẹ. Ó wo orúnkún mi. Ó ní èmi náà kò lè gun òrùlé mọ́, ṣé kí wọ́n má pe èmi náà ní ènìyàn mọ́ ni.

Mo fọwọ́ bo orúnkún náà.

Ohun tí Jàfárù ń wá gan-an, abo eléérú ni. Ó fẹ́ fi í fún Kòlẹ́gbẹ́. Ó ní ọmọ wọn yóò tàkìtì bíi bàbá, yóò sì fò bí ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀ mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀. N kò fẹ́ rí ọmọ abo eléérú kó máa yí nínú iyanrìn.

Ní àkókò yẹn, Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́yẹlé wa ń múra ìdíje àkọ́kọ́. Àwa mẹ́tàlélógún ni a wà nínú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n fi sí, ní pápá ilé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Jàfárù wá bá mi pẹ̀lú àdéhùn kan. Bí Kòlẹ́gbẹ́ bá gba ife, abo eléérú di tirẹ̀. Bí kò bá gbà á, kò ní fi ọmọ fún bàbá mọ́ láyé, Kòlẹ́gbẹ́ kò sì ní gbéyàwó.

Mo gbà. Mo rò pé kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ ríran tó lè gbé ife-ẹ̀yẹ fún ẹyẹ tí kò lè fò.

Nùsírátù gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ó ní, "Bàbá Ṣàkírát, tẹ́tẹ́ lẹ ta yẹn."

"Àdéhùn ni."

"Ẹ lọ bi ààfáà."

N kò lọ bi ààfáà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ń wá onídàájọ́ mẹ́ta. Wọ́n mú Abdulganiyy tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n mú Dókítà Hope, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹran ní Ìgàndò. Wọ́n ní ẹni kẹta ńkọ́. Ọwọ́ Jàfárù ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ó dárúkọ mi.

Mo dìde, mo ṣàlàyé àdéhùn wa fún wọn. Mo ní kò tọ́ kí n ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní gbogbo Àlímọ̀ṣọ́ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn náà. Ó ní ẹni tó fi ogójì ọdún wọn igi kò ní wọn òkìtì ṣì. Mo wo Jàfárù. Ó ń wo ilẹ̀. Ìgbà náà ló yé mi. Ó mọ̀ pé n kò lè ka mẹ́rin ní mẹ́ta.

Ọjọ́ ìdíje pé, oòrùn mú. Wọ́n to àgò ẹyẹ sórí àga ilé ìwé. Wọ́n fún àwa onídàájọ́ ní báírò kọ̀ọ̀kan àti ìwé òfin. Jàfárù tó jẹ́ akọ̀wé ló kọ òfin náà. Ìlà kan ṣoṣo ni. "Ẹyẹ tí òkìtì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí." Mo yí ìwé náà sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sọ bóyá òkè ni, kò sọ bóyá ilẹ̀ ni. Mo rí i, mo sì dákẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó bá fò ni yóò ta jù.

Àwọn kan tú ẹyẹ sílẹ̀, ẹyẹ lọ bà sórí òrùlé ilé ìwé, ó jókòó. Wọ́n sọ òkúta, ó tún jókòó. Ti ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀gùn lọ sókè dáadáa, ó tàkìtì méjì, ó sì kọrí sí Ìjẹ̀gùn. Olówó rẹ̀ ń fi fìlà júwe sí i títí a kò fi rí i mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, pé ẹyẹ náà yóò ti se oúnjẹ sílẹ̀ kó tó délé.

Mọ̀nsúrát ni ó mú ojú mi dúró. Aránṣọ ni, ní Barúwà. Abo pupa kan ló gbé wá. Ó tú u, ó lọ sókè gọọrọ, ó ta òkìtì mẹ́sàn-án léraléra bí ẹni ń ká òwú. Lẹ́yìn náà ó dúró nínú afẹ́fẹ́, ó wò yíká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bà sórí àgò rẹ̀ gan-an. Gbogbo pápá hó. Dókítà Hope ti kọ tirẹ̀ kí ẹyẹ náà tó balẹ̀.

Ó kan Kòlẹ́gbẹ́. Jàfárù wọ jalabíà funfun, àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹyẹ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyẹ na apá, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà á sókè. Èmi náà ń kà á sínú. Ó yí kọjá àárín pápá. Ó yí kọjá ibi tí alága jókòó sí. Òpó góòlù ló dá a dúró. Ó dìde, ó gbọn ara, ó ń rìn yípo bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ẹ̀rín sọ. Inú ènìyàn ń dùn. Kí n má parọ́, ó pani lẹ́rìn-ín.

Abdulganiyy ka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èmi náà ka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Dókítà Hope kò kà. Ó rìn lọ bá ẹyẹ náà, ó gbé e, ó la ojú rẹ̀ wò, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

"Bàbá, kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe é o. Kò lè ṣe kó má ṣe é ni."

Wọ́n ní kí a mú ìwé wá. Dókítà fún Mọ̀nsúrát. Abdulganiyy fún Jàfárù. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Jàfárù dúró ti àgò rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa.

Báírò wà lọ́wọ́ mi. Mo lè sọ pé òfin náà kò pé. Kò pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kà á láàárọ̀, n kò sì sọ̀rọ̀, nítorí mo rò pé èmi ni yóò gbè. Káfíńtà tó rí i pé ògiri wọ́, tó dákẹ́, tó gùn ún, kò lè bínú sí òrùlé.

Mo kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Alága kéde. Jàfárù yíjú padà. Ó wo ife, ó wò mí. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù tó wúwo ju bó ṣe rò lọ.

"Sàkàrìyáù," ó ní.

"Lọ́la ni n ó gbé e wá," mo dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé abo eléérú sínú agbọ̀n, mo fi aṣọ bò ó. Akọ rẹ̀ wà lórí òrùlé, ó ń wò. Nùsírátù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, òun kò rí i kí n gbé nǹkan kan rọra bẹ́ẹ̀ rí, títí kan ọmọ wa. Mo wọ kẹ̀kẹ́.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan níbí. Láàárín àwa ẹlẹ́yẹlé, ìlànà kan wà tí a bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa. Bí ẹyẹ tí wọ́n gbé kúrò nílé bá padà sórí òrùlé rẹ̀ àtijọ́, onílé gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí ó bá tún padà, kó tún dá a padà. Bí ó bá padà lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dè é mọ́. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dájọ́.

Jàfárù mọ ìlànà yìí. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹyẹ gbàgbé ilé. Ó fi òwú di apá abo eléérú. Ó gbé e sínú àgò sórí òrùlé kí ojú rẹ̀ lè mọ Ẹ̀gbẹ́dá. Ó fún un ní ọkà bàbà tó dára ju tèmi lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ni ọkọ. Ẹyẹ tó bá ti yé ẹyin sílé tuntun, kò lọ mọ́.

Ibẹ̀ ni Jàfárù ti ṣìnà. Ó lé gbogbo akọ yòókù kúrò, ó fi Kòlẹ́gbẹ́ nìkan sílẹ̀ fún un.

Mo lọ kí i lọ́jọ́ kẹwàá, mo bá wọn bẹ́ẹ̀. Abo eléérú wà lórí pákó lókè. Kòlẹ́gbẹ́ wà nísàlẹ̀. Ó wú ọ̀fun rẹ̀, ó ń dún, ó ń yí ara rẹ̀ po bí akọ ṣe ń ṣe. Abo wo ìsàlẹ̀. Kòlẹ́gbẹ́ na apá láti gòkè lọ bá a, ó sì yí lọ dé ìdí ògiri. Ó dìde, ó padà wá, ó tún dún. Ó na apá, ó tún yí lọ. Bí ó bá ti ń fẹ́ sún mọ́ ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí i.

Mo jókòó, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Má rẹ́rìn-ín," Jàfárù ní.

"Ṣé mo rẹ́rìn-ín ni?"

"Inú ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Ó bẹ̀ mí kí n bá a kan ìtẹ́ tó wà nílẹ̀. Mo kàn án. Mo ṣe é dáadáa, mo fi pákó pẹlẹbẹ ṣe àtẹ̀gùn sí i. N kì í ṣe iṣẹ́ jágbajàgba, ì báà jẹ́ fún ẹni tó gba ẹyẹ mi. Abo eléérú kò wọ ibẹ̀. Ẹyẹlé kì í sùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Jàfárù tú òwú. Ó ní òun wòye pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Abo eléérú gòkè lórí Ẹ̀gbẹ́dá, ó ta òkìtì mẹ́rin, gbogbo àdúgbò rí i. Lẹ́yìn náà ó kọrí sí Ìkọ̀tún. Omi tí mo gbé kaná fún ìwẹ̀ kò tíì hó tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí páànù. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo gbé e padà lọ́jọ́ náà.

Jàfárù dì í lọ́sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Ó tú u. Ẹyẹ padà wálé lójú òjò, gbogbo ara rẹ̀ tutù. Akọ rẹ̀ ti ń ké kí ó tó balẹ̀. Mo nù ún gbẹ, mo gbé e padà. Nùsírátù ní nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, oníkẹ̀kẹ́ nìkan ni òun rí tó ń jèrè. Ó ní kí n kúkú ra kẹ̀kẹ́ fún ẹyẹ náà kó máa wa ara rẹ̀.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Jàfárù mọ̀, èmi náà mọ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò pè mí lórí fóònù, n kò sì pè é. Mo ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láàárọ̀, mo ń wo ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá lójú ọ̀run. Bí ó bá yé ẹyin níbẹ̀, ó tán. N kò gbàdúrà lé e lórí. Ó tì mí lójú láti gbàdúrà nítorí ẹyẹ. Nùsírátù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbà á fún mi.

Ó dé ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó wá ga, ga ju bó ṣe máa ń wá lọ. Ó ta òkìtì kan ṣoṣo lórí ilé wa, ó sì balẹ̀. Fọ́nrán òwú kan ṣì rọ̀ mọ́ apá rẹ̀. Mo dìde, mo fẹ́ mú àkàbà. Orúnkún mi rán mi létí. Mo jókòó padà.

Kí oòrùn tó wọ̀, Jàfárù ti dé pẹ̀lú agbọ̀n lórí itan nínú kẹ̀kẹ́. Mo rò pé abo eléérú ló wá gbé. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. A jọ wo òkè. Akọ àti abo wà lórí páànù, wọ́n ń bá ara wọn ya ìyẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ó ní.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó ṣí agbọ̀n. Kòlẹ́gbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ti bó, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà ní ìrù rẹ̀. Jàfárù ṣàlàyé pé ó ti yí bọ́ sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan, pé àwọn ayálégbé ló yọ ọ́. Ológbò kan sì ti mọ ilé wọn. Ó ní àgbàlá tèmi ní ògiri, kò ní gọ́tà. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa ìṣó jáde.

Mo ní, "Ife rẹ̀ ńkọ́?"

"Ife wà nílé. Ife kì í bọ́ sí gọ́tà."

N kò tíì dáhùn tí Nùsírátù fi jáde. Mo rò pé yóò lé ẹyẹ àti ẹni tó gbé e wá. Ó wo Kòlẹ́gbẹ́ fínnífínní.

"Ṣé kò lè gun okùn aṣọ mi?"

Jàfárù ní kò lè gùn ún.

"Kò lè gun òrùlé?"

"Kò lè gun nǹkan kan, ìyàwó wa."

"Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre. Ogójì ọdún ni mo fi ń bá ẹni tó ń gun òrùlé gbé, tí mo ń retí pé wọ́n á wá sọ fún mi pé ó já bọ́. Èyí ni ọkọ tó yẹ mí."

Jàfárù rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Mo bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ Nùsírátù ni Kòlẹ́gbẹ́ wà. Ó ń fi ọwọ́ fún un ní àgbàdo. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń ṣa ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó ń lé e. Nítorí náà kò rí ìdí tí yóò fi na apá. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri àgbàlá bíi baálẹ̀. Láàárọ̀, ó máa ń wá dúró lábẹ́ bẹ́ǹṣì mi. Àwa méjèèjì tí a kò lè gun òrùlé, a jọ ń wo àwọn tó wà lókè.

Mo ti sọ pé kí wọ́n má pè é ní ẹyẹ. N kò tíì gba ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu. N kò sì tún un sọ.

Ìrọ̀lẹ́ méjì ni èmi àti Jàfárù fi tún ìwé òfin kọ. A jà gan-an. Ó gbà pé òkìtì ojú ọ̀run nìkan ni kí wọ́n máa kà, pé ẹyẹ sì gbọ́dọ̀ padà bà sórí àgò rẹ̀ kó tó gba máàkì kan. Ó gbà pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ fún bàbá. Èmi náà gbà pé ìdíje dára. Mo rí ojú Mọ̀nsúrát nígbà tí abo pupa rẹ̀ balẹ̀, n kò lè ní kò dára. Ṣùgbọ́n Jàfárù ní àwọn tó ń yí nílẹ̀ tí wọ́n ti wà láyé, kí wọ́n fún wọn láàyè kí àwọn ọmọdé rí wọn. Mo ní kí wọ́n rí wọn, kí wọ́n má kà wọ́n. Ó ní òun kò gbà. Ìlà yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, báírò gé e sí àárín.

Barúwà ni a ti ṣe ìdíje kejì, àwa mẹ́ta kan náà sì ni onídàájọ́. Nítorí pé ìlà yẹn kò tíì parí, ẹgbẹ́ ní kí ẹyẹ tó gba ife lọ́dún tó kọjá wá fi ara rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan sí i, lábẹ́ òfin àtijọ́. Nùsírátù fúnra rẹ̀ ló gbé Kòlẹ́gbẹ́ lọ. Ó fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ró ìró tuntun.

Ó gbé e sílẹ̀ láàárín pápá. Àwọn ènìyàn sún mọ́ ibẹ̀. Abdulganiyy bọ́ sẹ́yìn ẹyẹ náà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kòlẹ́gbẹ́ yíjú, ó wò ó.

Abdulganiyy tún pàtẹ́wọ́. Alága fun fèrè. Ẹnì kan ju fìlà sókè. Kòlẹ́gbẹ́ rìn lọ sí ìdí ẹsẹ̀ Nùsírátù, ó sì ń ṣa àgbàdo tó bọ́ nínú àpò rẹ̀. Dókítà Hope fi ìwé bo ẹnu. Jàfárù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìhà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n ní kí onídàájọ́ kọ ohun tó rí. Mo mú báírò.

"Bàbá Ṣàkírát," Nùsírátù pè mí láti àárín pápá, "ẹ kọ ọ́ kó hàn o."

Mo kọ òdo. Mo kọ ọ́ tóbi.

Abo pupa Mọ̀nsúrát ló gba ife, òkìtì mọ́kànlá, ó bà sórí àgò rẹ̀. Jàfárù ló gbé ife náà lé e lọ́wọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́, Nùsírátù gbé agbọ̀n lé itan. Ó ní ẹni tó bá ti rí ibi jókòó sí, kí ni yóò máa tàkìtì fún. Mo ní abo eléérú rí ibi jókòó sí, ó sì ń tàkìtì. Ó ní ti ìyẹn, ayọ̀ ni. Èyí ni mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

A délé. Abo eléérú wà lórí páànù, òun àti akọ rẹ̀. Nùsírátù gbé Kòlẹ́gbẹ́ sílẹ̀. Ó gbọn ara, ó gbé ojú sókè wò wọ́n, ó sì lọ bá àgbàdo rẹ̀.